NÍGBÀ TÍ OYÚN ṢẸ̀ṢẸ̀ DÚRÓ: OHUN TÓ YẸ KÍ TỌKỌTAYA MỌ̀ NÍ Ọ̀SẸ̀ MÉJÌLÁ ÀKỌ́KỌ́

  

 Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ọ̀rọ̀ tí a kì í sábà sọ ní mọ́sáláásí, tí a kì í sì í sọ ní ilé kéwú àfi bí a bá dé orí ìmọ́tótó àti nǹkan oṣù. Ọ̀rọ̀ oyún ni, pàápàá ọ̀sẹ̀ méjìlá àkọ́kọ́, nígbà tí ikùn kò tíì yọ, tí ará àdúgbò kò tíì mọ̀, tí ìyàwó fúnra rẹ̀ pàápàá lè má tíì mọ̀. Nínú kíláàsì àwọn ìyàwó ilé tí mo ń kọ́ ní Ajah lọ́jọ́ Sátidé, mo rí i pé ọ̀pọ̀ wọn mọ ohun tí wọn yóò rà sílẹ̀ de ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ju ohun tó ń lọ nínú ara wọn ní oṣù kìíní lọ. Àwọn ọkọ wọn ńkọ́? Àwọn yẹn kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wà láti mọ̀.

BÍ A ṢE Ń KA ỌJỌ́ ORÍ OYÚN

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ kíkà, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé mìíràn. Nọ́ọ̀sì àti dókítà kì í ka oyún láti ọjọ́ tí tọkọtaya bá ara wọn lò pọ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tí obìnrin rí kẹ́yìn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ obìnrin lè rántí. Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ ìbí jẹ́ 280 ọjọ́, èyí tí í ṣe 40 ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n oyún fúnra rẹ̀ kì í dúró títí yóò fi tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Nítorí náà, nígbà tí a bá sọ pé oyún di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ohun tó wà nínú ilé ọmọ kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ.

Ohun kékeré kọ́ ni mo ń sọ yìí o. Ẹ wo ọkọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí òkun níbi tí wọ́n ti ń wa epo, tó dé sí ilé rẹ̀ ní Sangotedo lẹ́yìn oṣù méjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tó dé, ìyàwó rẹ̀ lọ yẹ ara rẹ̀ wò, nọ́ọ̀sì sì kọ ọ́ sínú káàdì pé oyún di ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Bí ọkùnrin náà bá fi ìka ka á, yóò ní òun kò sí nílé nígbà tí oyún dúró. Ojú rẹ̀ yóò pọ́n, ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé kó padà yóò sì jáde lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìṣirò nọ́ọ̀sì pé pérépéré: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọkọ ti dé, àti ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ṣáájú, ó di márùn-ún. Ẹni tó bá ka Súrà An-Nūr láti ẹsẹ̀ kẹrin sí ìkẹsàn-án yóò mọ bí ẹ̀sùn àgbèrè ti wúwo tó lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, ìbáà jẹ́ ọkọ ló fi kan aya rẹ̀. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ kọ́ ìṣirò yìí kí ẹ tó la ẹnu.

Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kì í wá déédéé kò lè fi ọjọ́ yẹn nìkan mọ ọjọ́ orí oyún rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, skáànù ni yóò sọ fún un, èyí tí a bá sì ṣe láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń sọ òótọ́ jù, nítorí nígbà náà, ọmọ inú kì í fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ara wọn lọ.

OHUN TÓ Ń LỌ LÁBẸ́ ÌBÒJÚ

Lẹ́yìn tí àtọ̀ bá pàdé ẹyin, yóò máa rìn bọ̀ wá sínú ilé ọmọ, á sì gbà tó ọjọ́ mẹ́fà sí mẹ́wàá kí ó tó lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀. Nígbà tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn obìnrin kan máa ń rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, bíi kíkán lásán, tí wọn yóò rò pé nǹkan oṣù ló fẹ́ dé. Láti ìgbà náà ni ara yóò ti máa tú ohun kan sínú ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀, òun sì ni pélébé ìdánwò tí a ń rà ní kẹ́míìsì ń wá. Ìtọ̀ àkọ́kọ́ ní àárọ̀ ló dára jù fún un. Bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò kí ọjọ́ nǹkan oṣù tó kọjá, ó lè ní kò sí nígbà tó wà. Ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, kí ẹ tún un ṣe.

Nígbà tí oyún bá fi máa di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, skáànù lè fi ọkàn tó ń mì kìkì hàn. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan náà yìí ni ihò tí yóò di ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ yóò ti pa dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni mo wí, ìyẹn ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn tí nǹkan oṣù kọ̀ tí kò wá. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni yóò ṣì máa rò nígbà náà pé ibà ló ń ṣe òun. Nígbà tí yóò bá fi di ọ̀sẹ̀ kẹwàá, àwọn ẹ̀yà ara tó ṣe kókó ti ní ìpìlẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti yọ, ìka sì ti ń yàtọ̀ síra wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, gígùn gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìdí kò ju nǹkan bíi ìka ọwọ́ kan lọ.

Àwa tí a ti jókòó sí ilé kéwú mọ Súrà Al-Mu'minūn, ẹsẹ̀ 12 sí 14, níbi tí Ọlọ́hun ti ka ìpele ìpele tí ènìyàn ń gbà kọjá nínú ìyá rẹ̀: nutfa, alaqa, mudgha, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Hádíìsì sì wà nínú Sahih Muslim, láti ọ̀dọ̀ Hudhayfa ọmọ Asid, tó dárúkọ òru méjìlélógójì nínú ọ̀rọ̀ yíya àwòrán ọmọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gééré nìyẹn, láti ìgbà tí oyún ti dúró. N kò fẹ́ràn àwọn oníwàásù tí wọ́n máa ń fi irú nǹkan báyìí bá dókítà díje lórí pèpéle. Ohun tí mo mú jáde níbẹ̀ fún tọkọtaya ni pé àsìkò tí ènìyàn kò rí nǹkan kan ni iṣẹ́ pọ̀ jù.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí lo fólíìkì (folic acid) kí oyún tó dé rárá. Oògùn kékeré yìí máa ń dín ewu kí ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí agbárí ọmọ má pa dé kù. Míkrógíráàmù 400 ni ìwọ̀n tí wọ́n ń sọ fún ọ̀pọ̀ obìnrin lójúmọ́, títí di ìparí ọ̀sẹ̀ kejìlá; ẹni tó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, dókítà yóò fún un ní èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá di oṣù kẹrin kí obìnrin tó mú un, ó dára fún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ihò ti pa dé, tàbí kò pa dé, tipẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yin arábìnrin tí ẹ ń múra níkáà, kí ó wà lára ẹrù ìyàwó. Kò wọ́n.

BÍ YÓÒ ṢE RÍ LÁRA

Àmì àkọ́kọ́ ni kí nǹkan oṣù má wá. Lẹ́yìn èyí ni rírẹ̀, irú rírẹ̀ tí oorun kì í mú lọ. Ọmú yóò máa dun obìnrin, aṣọ lásán kò ní fẹ́ kan án. Yóò máa tọ̀ nígbà gbogbo. Imú rẹ̀ yóò mú bíi ti ajá: ata tí aládùúgbò ń dín ní ilé kẹta yóò lé e jáde ní yàrá. Itọ́ yóò máa kún ẹnu àwọn kan tí wọn yóò fi máa gbé ike kékeré kiri. Èmi tí mo ti bímọ mẹ́ta, mo tu itọ́ nínú oyún méjì, ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ jẹ́ kí n mọ̀ pé ó wà. Nítorí náà, ẹ má fi ti ẹnìkan wọn ti ẹlòmíràn, ẹ má sì fi èébì mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

Èébì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkẹfà, ó ń le sí i títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, fún ọ̀pọ̀ ó sì ń fúyẹ́ kí ó tó di ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún. A ń pè é ní èébì àárọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ àárọ̀ yàtọ̀ sí alẹ́. Kí obìnrin jẹ oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà ju kí ó jẹun púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ. Kí ó ní bisikíìtì gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kí ó jẹ díẹ̀ kí ó tó dìde. Atalẹ̀ nínú omi gbígbóná ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá lè gba omi pàápàá mọ́ra fún odidi ọjọ́ kan, bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú tó sì kéré, bí òòyì bá ń kọ́ ọ nígbà tó bá dìde, èyí ti kọjá èébì àárọ̀. Ọsibítù ni, kí wọ́n fa omi sí i lára. Ẹ má jókòó ti adúrà nìkan níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọkọ, Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ló sọ ọ́ nínú Súrà Luqmān, ẹsẹ̀ 14, pé àìlera lórí àìlera ni ìyá fi ń ru ọmọ. Kí ló wá dé tí ẹ ó fi máa pè é ní ọ̀lẹ? Bí ó bá sùn lẹ́yìn Àsùbáà, ẹ jẹ́ kí ó sùn. Omi kànga ìgbàlódé tó wà ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa, láti Ilasan dé Badore, iyọ̀ wà nínú rẹ̀ tàbí kí ó pọ́n bí ìpẹtà irin. Ẹni tó ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà mọ̀ pé kẹ́ẹ̀gì kì í fò wọlé fúnra rẹ̀. Ọkọ ni kí ó gbé e. Kí ó sì gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé yàrá, nítorí èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹni tó ń mí fún ara méjì.

Ní ti kí tọkọtaya máa bá ara wọn sùn, kò sí ohun tó burú níbẹ̀ nínú oyún tó ń lọ déédéé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń wá tàbí bí dókítà bá ní kí ẹ dúró, ẹ dúró.

ẸFUN, ÀGBO ÀTI KẸ́MÍÌSÌ

Ọ̀pọ̀ aboyún máa ń fẹ́ jẹ ẹfun. Wọn a ní ó ń dá èébì dúró. Ẹfun tí wọ́n ń tà ní ọjà wa, tí àwọn Ìgbò ń pè ní nzu, ti jẹ́ ohun tí àwọn tó ń yẹ oúnjẹ wò ti rí òjé nínú rẹ̀, òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọ inú jẹ́. Bí ẹnu bá ń wá ohun tó ń fọ́ kẹ́kẹ́kẹ́, ẹ jẹ ẹ̀pà, ẹ jẹ àgbọn. Ẹni tó bá sì ń fẹ́ jẹ ẹfun tàbí yìnyín ní àjẹjù, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀ ló máa ń fa irú ẹnu bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn.

Àgbo ńkọ́? N kò ní bú àgbo. Àwọn ìyá wa mu ún. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀yà ara ọmọ ń fìdí múlẹ̀ kọ́ ló yẹ kí á máa mu ohun tí a kò mọ ewé tó wà nínú rẹ̀, tí a kò sì mọ ìwọ̀n rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n rẹ sínú ògógóró. Ẹ̀yin arábìnrin mi tí ẹ kò ní fẹnu kan ọtí láéláé, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi rẹ ẹ́ kí ẹ tó gbé e mì.

Ti kẹ́míìsì tún wá burú ju ti àgbo lọ, nítorí ó rọ̀ wá lọ́rùn. Orí ń fọ́ mi, mo ra Àlàbùkún. Kí ẹ mọ̀ pé aspirin àti caffeine ló wà nínú Àlàbùkún. Kò yẹ kí aboyún máa bù ú mu láìjẹ́ pé dókítà ní kí ó lò ó. Paracetamol ní ìwọ̀n tó tọ́ ni èyí tí wọ́n ń gbà láyè. Tetracycline, ibuprofen, àwọn ìpara àti oògùn rorẹ́ tó ní retinoid nínú, ìpara abóra: kí gbogbo wọn lọ sínú àpótí. Ẹ kọ́ ẹnu yín láti máa sọ ní kẹ́míìsì pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ó ṣeé ṣe kí n ti lóyún," kí ẹ tó béèrè ohunkóhun.

Ibà náà wà lára rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo rírẹ̀ ni ibà, nítorí náà kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ná. Bí ó bá sì jẹ́ ibà lóòótọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ nítorí ẹ̀rù oògùn, torí ibà lè ba oyún jẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé a lè lo artemether-lumefantrine fún aboyún ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ṣáájú ìgbà náà, quinine pẹ̀lú clindamycin ni wọ́n ń sọ. Fansidar tí nọ́ọ̀sì máa ń fún aboyún láti dènà ibà kì í ṣe ti àkókò yìí, ó di ọ̀sẹ̀ kẹtàlá. Kí ẹ sì máa sùn sínú nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sà lápá kan, òkun lápá kejì, àbàtà láàárín: ẹ̀yin ará Ajah kò nílò kí n ṣàlàyé ẹ̀fọn fún yín.

BÍ Ẹ̀JẸ̀ BÁ WÁ

Ibí ni mo fẹ́ kí á ti fara balẹ̀.

Nǹkan bí obìnrin kan nínú mẹ́rin ló ń rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ wọn ló sì bímọ ní àlàáfíà. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ìròyìn ikú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀jẹ̀ oyún tó yẹ kí á fojú fò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń da àwọn tó ti kọ́ fíkíì láàmú. Nínú mádhábì Màlíkì, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń tẹ̀lé, tó sì wà nínú ìwé Mukhtasar Khalil tí a ń kọ́ ní ilé kéwú, aboyún lè rí nǹkan oṣù. Hanafi àti Hanbali ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀jẹ̀ àìsàn ni. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tó mọ ti Màlíkì dáadáa rí ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó fi ìrun sílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, ó sì jókòó sílé, nítorí pé ìwé ti sọ pé nǹkan oṣù ni. Ìwé náà kò parọ́. Ọ̀rọ̀ ìrun àti ààwẹ̀ ni àwọn onífíkíì ń dáhùn: ṣé kí ó kírun tàbí kí ó má kírun? Wọn kò dáhùn bóyá kí ó lọ sí ọsibítù. Ẹ bi àáfà yín ti ìrun, kí ẹ sì lọ bi nọ́ọ̀sì ti ẹ̀jẹ̀, ní ọjọ́ kan náà. Àwọn dókítà ní tiwọn kò ka ẹ̀jẹ̀ inú oyún kankan sí nǹkan oṣù.

Oyún kan wà tí kì í dúró sínú ilé ọmọ. Ojú ọ̀nà tí ẹyin ń gbà bọ̀ ló máa ń dúró sí, nǹkan bí ẹyọ kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún oyún sì ni. Pélébé ìdánwò yóò sọ pé oyún wà. Nǹkan oṣù yóò dúró. Gbogbo nǹkan yóò dà bí ó ti yẹ. Lẹ́yìn náà, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹwàá, ìsàlẹ̀ ikùn lápá kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí dun obìnrin, ẹ̀jẹ̀ dúdú díẹ̀ lè wá, kí èjìká máa dùn ún láìṣe pé ó ru nǹkan, kí òòyì kọ́ ọ, kí ó dákú. Bí ọ̀nà yẹn bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ yóò máa ya sínú ikùn níbi tí ojú kò ti lè rí i, obìnrin lè kú ní wákàtí díẹ̀. Oyún yìí kò ṣeé gbé padà sínú ilé ọmọ, kò sì lè dàgbà di ọmọ. Ìwòsàn rẹ̀ wà, abẹ́rẹ́ tàbí iṣẹ́ abẹ, bí wọ́n bá tètè mọ̀.

Ẹni tó mọ ọ̀nà Lekki sí Epe ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ mọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Láti oríta Ajah dé Island, ìgbà mìíràn wà tí ènìyàn á kírun Mọ̀gáríbì àti Ìṣáì kí ó tó débẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2022 sì ni ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní Eti-Osa. Nítorí náà, kí ọkọ jókòó lónìí, kí ó mọ ọsibítù tó sún mọ́ ilé rẹ̀ jù tó ní dókítà tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ lóru, kí ó ní nọ́ńbà onímọ́tò kan ní àdúgbò, kí ó sì mọ ẹgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ aya rẹ̀. Ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ti ìjọba wà ní Eti-Osa, èyí tí wọ́n ṣí ní 2020. General Hospital ti Ibeju-Lekki wà ní Akodo fún àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Island Maternity wà ní Èkó. Èyí tó sún mọ́ yín ni kí ẹ fi ẹsẹ̀ yín wọ̀n, kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Bí oyún bá wálẹ̀ ńkọ́? Nínú oyún tí obìnrin ti mọ̀ pé òun ní, nǹkan bí mẹ́wàá sí ogún nínú ọgọ́rùn-ún ló ń bọ́, púpọ̀ nínú wọn kí ó tó pé oṣù mẹ́ta. Ohun tó pọ̀ jù nínú ìdí rẹ̀ ni pé nǹkan kò tò dáadáa láti ìpìlẹ̀, ní ọjọ́ tí àtọ̀ pàdé ẹyin. Kì í ṣe pé ó gun àtẹ̀gùn. Kì í ṣe pé ó gbálẹ̀. Kì í ṣe pé ìyá ọkọ wò ó ní ìwòkuwò. Àwọn tó ń sọ fún obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń wá lára rẹ̀ pé, "Kí ni o ṣe?" kò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń dúró pẹ́ nínú ọkàn. Ẹ jẹ́ kí ó sunkún, kí ẹ sì mú un lọ kí wọ́n wò bóyá inú rẹ̀ ti mọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ Rhesus negative, ẹ sọ fún wọn, abẹ́rẹ́ kan wà tó lè yẹ fún un. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta léra, ó tó àkókò kí tọkọtaya, àwọn méjèèjì, lọ ṣe àyẹ̀wò.

TA LÓ YẸ KÍ Ó MỌ̀?

Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó inú kíláàsì mi sọ bí òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ fún wa, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, ṣé o ti sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Rárá, mà."

"Ó dára. Má sọ ọ́ títí tí yóò fi yọ fúnra rẹ̀."

"Nọ́ọ̀sì ńkọ́, mà?"

"Nọ́ọ̀sì kì í ṣe ènìyàn ni?"

Mo mọ ohun tí Màmá ń bẹ̀rù. Ojú burúkú wà, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òtítọ́ ni. Kí obìnrin má kéde oyún ọ̀sẹ̀ márùn-ún ní ọjà Ajah, n kò rí àléébù níbẹ̀. Bí ó bá sì bọ́, kò ní máa ṣàlàyé fún ogún ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìpamọ́ ní ààlà. Nínú Súrà Al-Baqara, ẹsẹ̀ 228, Ọlọ́hun kò gba obìnrin tí a kọ̀ sílẹ̀ láyè láti fi ohun tí Ọlọ́hun dá sínú ilé ọmọ rẹ̀ pamọ́, nítorí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀. Aboyún tó wà nílé ọkọ náà, ẹ̀tọ́ ọmọ wà nínú tirẹ̀. Kí ọkọ mọ̀. Kí nọ́ọ̀sì mọ̀. Kí oníkẹ́míìsì mọ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ ra oògùn. Ìyókù lè dúró.

Ìpamọ́ yìí wà lára ohun tó ń jẹ́ kí àwọn obìnrin wa pẹ́ kí wọ́n tó gba káàdì. Ìwádìí ìjọba tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé obìnrin tó lọ fún ìtọ́jú aboyún ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ láti 2016 pé kí aboyún rí oníṣègùn ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ, kí ẹ̀ẹ̀kínní má kọjá ọ̀sẹ̀ kejìlá. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yìí, wọn yóò wọn ìfúnpá, wọn yóò yẹ ìtọ̀ wò, wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó tó, kí wọ́n mọ ẹgbẹ́ rẹ̀ àti jẹnotáìpù, àrùn HIV, àrùn ẹ̀dọ̀ àti rẹ́kórẹ́kó. Ẹ má bẹ̀rù ti HIV: ìyá tó bá tètè mọ̀ tó sì ń lo oògùn rẹ̀ lè bí ọmọ tí kò ní in. Jẹnotáìpù ní tirẹ̀, ó yẹ kí á ti yẹ̀ ẹ́ wò kí á tó so yìgì, nítorí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní ilẹ̀ wa ló jẹ́ AS. Ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé ìjọba ìbílẹ̀ tó wà nítòsí yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, owó rẹ̀ kì í pọ̀. Ẹ sì béèrè níbẹ̀ nípa ètò Ìlera Èkó. Agbẹ̀bí tí ẹ fẹ́ràn ní àdúgbò kò ní bínú bí ẹ bá ní káàdì ọsibítù lọ́wọ́.

Ọ̀PỌ̀ TI BI MÍ NÍPA ÀÀWẸ̀

Ìbéèrè yìí máa ń pọ̀ bí Ramadan bá ti ń sún mọ́. Aboyún tó bá bẹ̀rù fún ara rẹ̀ tàbí fún ọmọ inú rẹ̀, Ọlọ́hun ti gbà á láyè kí ó sínu, yóò sì san án padà nígbà tó bá yá. Nínú Màlíkì, sísan padà ni tirẹ̀. Ti fífún aláìní ní oúnjẹ, àwọn onímọ̀ ní ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ẹ bi àáfà yín. Ẹni tí ara rẹ̀ le tí dókítà sì ní kò séwu, kí ó gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bì lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lójúmọ́ nínú oòrùn Èkó, tí ìyá ọkọ sì ń sọ pé, "Àwa gbààwẹ̀ nígbà tiwa," kí ọkọ rẹ̀ fi ọ̀wọ̀ bá Màmá sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ọkọ nìyẹn, kì í ṣe ti ìyàwó. Kí obìnrin náà máa kọ ọjọ́ tó jẹ sílẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, nítorí lẹ́yìn ìbí, ẹ̀jẹ̀ ìbímọ àti ìfọ́mọlọ́mú yóò tún wọ inú rẹ̀, ọdún méjì lè kọjá kí ó tó rántí iye tó jẹ.

Lóṣù tó ń bọ̀, bí Ọlọ́hun bá fẹ́, a ó mú un láti ọ̀sẹ̀ kẹtàlá: ìgbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí mì, abẹ́rẹ́ ipá, àti ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé láìkọ orúkọ, kí ó fi lé akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ́wọ́.